Ìrun Ragha'ib: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Yẹ Àdúà Wò

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Bí Ràmàdáánì bá ti dé báyìí, ìwé àdúà pélébé-pélébé á kún ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Wọ́n á ní ẹni tó bá ka eléyìí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ṣẹ̀ àádọ́rin ọdún lọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn á rà á, á sì bi wá pé: "Ààfáà, ṣé Ànábì ló sọ ọ́ lóòótọ́?"

Ìbéèrè náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn ìrun kan tí wọ́n ń pè ní Ragha'ib.

Wọ́n ní kí èèyàn gba àwẹ̀ ní Alàmísì àkọ́kọ́ nínú oṣù Rajab, kí ó sì kí rákáà 12 láàárín Màgàríbì àti Ìṣáì. Hadíìsì kan ni wọ́n gbé e lé, èyí tó ṣèlérí àforíjì gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. At-Turtushi, onímọ̀ tó kú ní ọdún 520 Hijira (1126), gbọ́ lẹ́nu ará Jerúsálẹ́mù kan pé àwọn kò rí ìrun yìí rí, àwọn kò sì gbọ́ ọ rí, àfi lẹ́yìn ọdún 480 (1087). Ọkùnrin kan náà ló sọ bí irú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Sha'ban ọdún 448. Àlejò kan láti Nablus, tí kíké Alùkùránì dùn lẹ́nu rẹ̀, dìde kírun lóru ní mọ́sálásí Aqsa. Ẹnì kan dúró sẹ́yìn rẹ̀, ìkejì dé, ìkẹta dé. Kí ó tó sálámà, wọ́n ti di èrò rẹpẹtẹ.

Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìmáàmù al-Ghazali (ó kú ní 505, ìyẹn 1111) dé Jerúsálẹ́mù, ó rí i pé gbogbo ará ibẹ̀ ló di Ragha'ib mú ṣinṣin. Àṣà tí kò tíì pé ogún ọdún ti dà bí ohun tí wọ́n jogún lọ́wọ́ baba ńlá wọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé Ihya, ìwé náà sì gbé e káàkiri.

Ibn al-Jawzi ní Bàgídádì (ó kú ní 597, ìyẹn 1201) ni ó wádìí ẹ̀wọ̀n àwọn tó gba hadíìsì náà wá. Bí a ṣe ń wádìí ìdílé kí a tó fi ọmọ fún ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wádìí hadíìsì: ta ló sọ fún ta? Ó bá a dé ọ̀dọ̀ Ibn Jahdam ní Mẹ́kà, ẹni tó kú ní 414, tí wọ́n sì fẹ̀sùn irọ́ kàn. Àwọn orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Olùkọ́ Ibn al-Jawzi wá wọn títí nínú àwọn ìwé, kò rí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ohun tó tún dun Ibn al-Jawzi ni pé àwọn tí kì í wá sí ìrun jámáà ń rọ́ wá kí Ragha'ib, bí ẹni pé ó ju tarawih Ràmàdáánì lọ.

Ní Dàmásíkù, àwọn àgbà méjì ta kora wọn lé e lórí. Ibn al-Salah, tó kú ní 643 (1245), òun tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ hadíìsì, gbà pé ẹsẹ̀ hadíìsì náà kò múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìrun ṣáà ni, kí ni a ó dá àwọn èèyàn dúró sí? Izz al-Din ibn Abd al-Salam, tó kú ní 660 (1262), dáhùn pé bí onímọ̀ bá ń kí i níṣojú gbogbo ayé, àwọn mẹ̀kúnnù á rò pé sunna ni. Onímọ̀ náà ti fi ìṣe rẹ̀ parọ́ mọ́ Ànábì nìyẹn. Lẹ́yìn wọn, an-Nawawi, tó kú ní 676 (1277), ní bídìà ni, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí pé ó wà nínú Ihya tan òun jẹ.

Ẹ̀kọ́ wa rèé. Adùn àdúà kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ èrò kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwé ńlá pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí. Ta ló gbà á wá? Nínú ìwé hadíìsì wo? Kí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò sọ nípa rẹ̀? Bí iṣẹ́ bá kéré jọjọ, tí ẹ̀san tí wọ́n là sílẹ̀ wá kọjá ààlà, Ibn al-Qayyim (ó kú ní 751, ìyẹn 1350) kà á mọ́ àmì hadíìsì irọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tìtorí èyí dákẹ́ àdúà. Ẹ fi èdè Yorùbá yín bẹ Ọlọ́hun fún ọmọ yín. Ó ń gbọ́. Àwọn òbí wa tó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omijé, tí wọ́n sì ti lọ, Ọlọ́hun ló mọ àníyàn ọkàn wọn, Aláàánú ni. Ohun tí a kọ̀ ni kí á fi orúkọ Ànábì lu ọ̀rọ̀ tí kò sọ ní òǹtẹ̀. Àwa ààfáà gan-an ni ẹjọ́ yìí kàn jù: kí a tó tẹ ìwé kan, kí a tó tà á, kí a wádìí rẹ̀. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, kí a sọ pé a kò mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun gba àwẹ̀ wa, kí Ó sì fi òtítọ́ hàn wá. Àmín. Wassalamu alaykum.