Omi ni ó ń pa ọ̀dúndún inú ìkòkò: Bí a ṣe ń tọ́jú ewéko olómi lára nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹni tí ó bá gbin ọ̀dúndún sínú ìkòkò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní ìlú Ẹdẹ, tí ó sì ń bomi rin ín láràárọ̀, kò ní pẹ́ rí i pé ewé rẹ̀ ń pọ́n, tí ìdí rẹ̀ sì ń rọ̀. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí onítọ̀hún lọ́kàn ni pé òùngbẹ ni ó ń gbẹ ewéko náà, ni yóò bá tún fi omi kún omi. Kí ó tó mọ̀, ewéko ti kú. Kì í ṣe òùngbẹ ni ó pa á, omi ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà ilé nìkan. Ewé ẹ̀rọ̀ ni àwọn baba wa ka ọ̀dúndún sí, ó sì wà lára ewé àgbo. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ni ó ti gba ẹ̀ka tí ó gbìn. Bí irú ìyẹn bá kú, kò sí iye owó tí a lè fi ra òmíràn dípò rẹ̀.

Àwọn wo ni ewéko olómi lára?

Àwọn ni ewéko tí ewé tàbí igi wọn nípọn, tí wọ́n ń tọ́jú omi pamọ́ sínú ara de ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀dúndún jẹ́ ọ̀kan, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ó sì ti ṣẹ̀ wá. Àbámọdá, tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀rú ọ̀dúndún, wá láti erékùṣù Madagascar. Etí erin, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí aloe vera, wá láti ilẹ̀ Arébíà. Ọ̀já ìkookò jẹ́ ìbátan èyí tí àwọn olódòdó ń tà, tí etí ewé rẹ̀ pọ́n. Láti Nàìjíríà dé Kóńgò sì ni ilé èyí tí wọ́n ń tà náà. Igi oró, tí oje rẹ̀ funfun bíi wàrà, wà lára wọn pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí ihò wínníwínní ara ewé wọn lọ́sàn-án, kí oòrùn má baà fa omi wọn gbẹ. Òru ni wọ́n ń ṣí i láti gba afẹ́fẹ́ tí wọn yóò fi ṣe oúnjẹ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ìdí nìyí tí omi díẹ̀ fi ń tó wọn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa àti ilé onígíláàsì

Ní ọgbà Kew ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ilé onígíláàsì kan wà tí wọ́n ṣí ní 1987, tí wọ́n pín sí ẹ̀yà 10 gẹ́gẹ́ bí ojú ọjọ́ oríṣiríṣi. Òtútù ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sá fún. Ní Ẹdẹ, òjò ni a ní láti sá fún láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ní òrùlé, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí oòrùn àárọ̀ sì ń dé, dára ju yàrá onígíláàsì tí a tì pa lọ, nítorí ooru ọ̀sán lè jó ewé níbẹ̀.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ ìkòkò

Ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni ó dára jù. Bí gbòǹgbò bá ti ń yọ ní ihò ìdí ìkòkò, àkókò ti tó.

1. Ẹ má ṣe bomi rin ín fún ọjọ́ 4 ṣáájú.

2. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ tí ó ní ihò nídìí, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ ní ìwọ̀n ìka 2. Èyí tí ó tóbi jù yóò dá omi dúró.

3. Ẹ po kóńgò ilẹ̀dú 1 mọ́ kóńgò 1 iyanrìn odò tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, àti kóńgò 1 àpáàdì tàbí èédú tí a fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ má ṣe lo iyanrìn etí òkun, nítorí iyọ̀.

4. Ẹ dojú ìkòkò dé díẹ̀, ẹ gbá ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbọn ilẹ̀ àtijọ́ dànù. Gbòǹgbò tí ó bá dúdú, tí ó rọ̀, tí ó ń rùn, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e.

5. Bí ẹ bá gé gbòǹgbò, ẹ fi ewéko náà sí ibòji fún ọjọ́ 3 sí 5 kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ tó gbìn ín. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ 1 kí ẹ tó bomi rin ín.

Ìgbà wo ni kí a bomi rin ín?

Ẹ ti ẹyọ ìgbálẹ̀ gbígbẹ kan bọ inú ilẹ̀ títí yóò fi kan ìdí ìkòkò. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin tàbí tí ilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ da omi sí i títí yóò fi jáde nídìí. Nígbà ọyẹ́, èyí lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà òjò, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ máa da omi inú àwo abẹ́ ìkòkò nù, nítorí ẹ̀fọn lè pamọ síbẹ̀, kí ó sì di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Bí ọyẹ́ bá fi eruku bo ewé, ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Bí kòkòrò funfun tí ó dà bí òwú bá sì bà sí i, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì nù ún kúrò.

Ìkìlọ̀

Oje igi oró lè ba ojú jẹ́. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi ṣàn án, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àbámọdá ní májèlé tí ń ba ọkàn ẹran jẹ́. Ó ti pa màlúù ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Ẹ gbé e sí ibi tí ewúrẹ́ àti ọmọdé kò lè dé.

Ní ìparí, ẹ má ṣe gbára lé ìkòkò kan ṣoṣo. Ẹ gé ẹ̀ka ọ̀dúndún kan, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ gbìn ín sọ́tọ̀, tàbí kí ẹ fún aládùúgbò. Bí ti ilé yín bá kú lọ́jọ́ kan, ẹ óò rí ibi tí ẹ ti lè gbà á padà. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi rí fún ọ̀dúndún.