Nọ́ńbà Tó Ṣeé Pín àti Orúkọ Rẹ̀ Nínú Òǹkà Yorùbá: Àyẹ̀wò láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá pe 57 ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ti yọ ẹ̀ta kúrò nínú ọgọ́ta kó tó pa ẹnu dé. Ìṣirò wà nínú orúkọ nọ́ńbà Yorùbá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìṣirò náà lè sọ fún wa, lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá nọ́ńbà kan ṣeé pín.

Nọ́ńbà tó ṣeé pín ni odidi nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí nọ́ńbà mìíràn, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, lè pín láìṣẹ́kù. 4 ló kéré jù nínú wọn. Èyí tí kò ní irú olùpín bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé pín: 2, 3, 5, 7, 11 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Euclid ti kọ ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Krístì. Láti 1 dé 100, nọ́ńbà 25 ni kò ṣeé pín, 74 ló ṣeé pín. 1 kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú méjèèjì tí a ń wò yìí, ní ipa nínú bí òǹkà wa ṣe wọ inú ìwé. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1858, òǹkà sì wà nínú rẹ̀. Adolphus Mann, tí òun náà jẹ́ míṣọ́nnárì, kọ àpilẹ̀kọ lórí òǹkà Yorùbá ní 1887. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, fi òǹkà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Robert Armstrong, onímọ̀ èdè, tún gbé ìwé jáde lórí òǹkà yìí ní 1962. Ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn jù ni bí a ṣe ń fi lé àti dín kọ́ orúkọ. Olùpín kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n lógún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, pípín ni ọjà àtijọ́ gbára lé. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Nínú eré pàápàá, ọmọ ayò 48 tó wà nínú ihò méjìlá pín sí mẹ́rin mẹ́rin láìṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ orúkọ wò. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún jẹ́ ogún márùn-ún. Àwọn wọ̀nyí ń sọ olùpín wọn ní gbangba. Àwọn yòókù ń sọ ọ́ nípasẹ̀ lé àti dín. Bí nọ́ńbà kékeré tó lé tàbí tó dín bá ní olùpín kan náà tó ju 1 lọ pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tó dúró lé, olùpín yẹn á pín gbogbo rẹ̀. Nínú mẹ́rìnlélógún, 4 pín 4, ó sì pín 20. Nítorí náà, ó pín 24. Nínú márùndínlógójì, 5 pín 5 àti 40, ó sì pín 35. Nínú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, 3 pín 3 àti 60, nítorí náà 57 jẹ́ 3 lọ́nà 19. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó kàwé ló máa kọ́kọ́ rò pé 57 kò ṣeé pín, nítorí wọ́n ń rò ó ní 50 àti 7, méjèèjì kò sì ní olùpín kan náà. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ ti tú àṣírí náà. Bákan náà ni 27 àti 87.

Mo lo ìlànà yìí lórí gbogbo nọ́ńbà 74 náà. Méje ní orúkọ tí kò ṣeé tú: 4, 6, 8, 9, 10, 20 àti 30. Méjìdínlọ́gọ́ta ń fi olùpín wọn hàn. Mẹ́sàn-án péré ló fara pamọ́: 21, 39, 49, 51, 69, 77, 81, 91 àti 99. Mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án yìí ló ní mọ́kàn nínú orúkọ, nítorí pé 1 kì í bá nọ́ńbà kankan pín olùpín tó ju 1 lọ. Òótọ́ gbọ́dọ̀ hàn níhìn-ín: ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì náà ní àǹfààní tirẹ̀, torí 30 àti 9 ń fi 3 hàn nínú 39, 70 àti 7 sì ń fi 7 hàn nínú 77. Ọmọ tó bá mọ òǹkà méjèèjì ní ojú méjì tó fi ń wo nọ́ńbà kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ni. Àwọn kan ń pe nọ́ńbà tí kò ṣeé pín ní nọ́ńbà àkọ́kọ́. N kò fara mọ́ ọn, nítorí 1 ni ọmọdé máa nawọ́ sí gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́, 1 kò sì sí níbẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ kejì ni kí a máa rò pé nọ́ńbà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ àkànpọ̀ ló ṣeé pín. Mẹ́tàlélógún jẹ́ orúkọ alákànpọ̀, kò sì ṣeé pín. Mẹ́sàn-án kò ní àkànpọ̀, ó sì ṣeé pín. “Ṣeé pín”, “kò ṣeé pín”, “olùpín” àti “ìlọ́po” tó fún iṣẹ́ náà. Fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò kì í ṣe nǹkan tuntun: ní 1970, ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ètò ẹ̀kọ́, darí ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò náà kò gbẹ́yìn.

Mo bẹ àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́, àti àwọn onímọ̀ ìṣirò ní yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ jẹ́ kí ọmọ kíláàsì kẹrin pe orúkọ nọ́ńbà láti ọ̀kànlá dé ọgọ́rùn-ún lédè Yorùbá, kí ó tú ìkọ̀ọ̀kan sí ìpìlẹ̀ àti ohun tó lé tàbí tó dín, kí ó sì fúnra rẹ̀ wá olùpín, kí ẹ tó kọ́ ọ ní ìlànà èyíkéyìí láti inú ìwé.