Ráútà
Ráútà ni ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀nà fún ìsọfúnni láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sí òmíràn. Kò mọ ọ̀nà náà délẹ̀; ẹ̀rọ tó kàn, tí yóò fà á lé lọ́wọ́, ló mọ̀. Ibi tó ti le ni pé àdírẹ́sì kì í bára mu: bíìtì 32 ni ti irú àtijọ́, IPv4, 128 ni ti irú tuntun, IPv6. Fóònù tó ní IPv6 nìkan kò lè bá sáfà IPv4 sọ̀rọ̀ tààrà, àfi kí NAT64 máa pààrọ̀ àdírẹ́sì láàárín wọn.

Ní Port Harcourt, IXPN, àjọ tó ń so àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní Nàìjíríà, ní ibùdó tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pàdé. Ìlànà BGP ni àwọn ráútà wọn fi ń sọ fún ara wọn àdírẹ́sì tó wà lọ́dọ̀ oníkálukú. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì kò bá so pọ̀ nítòsí, ìsọfúnni láti Diobu sí Trans-Amadi, nínú Port Harcourt kan náà, lè gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá.