Omi Òkè-Afá àti Àwọn Ológun

Jàǹbá bàálù kan ṣẹlẹ̀ ní Èjìgbò nílùú Èkó. Bàálù gbéra nílẹ̀, kò sì lọ jìnnà.

Ọjọ́ Sátidé, 26 oṣù kẹsàn-án 1992 ni. Hercules C-130 àwọn ológun òfurufú Nàìjíríà, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ NAF 911, fi pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ́ńjìnnì kú, bàálù sì já sínú irà Èjìgbò. Kò sí ẹni tó yè. Àwọn Mejọ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé àwọn ọ̀gá ológun ní Jàjí ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ará Ghana sì wà láàárín wọn. Ìwé kan ní èèyàn 158, òmíràn ní 163.

Ìrànlọ́wọ́ pẹ́ kó tó dé, ẹnu sì kun ìjọba ológun Babangida tó wà lórí oyè nígbà náà. Àwọn kan tilẹ̀ ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rí jáde.

Ọdún mẹ́wàá kò tíì pé tí agbègbè yẹn tún fi rí òkú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, 27 oṣù kìn-ín-ní 2002, iná ran ilé ìkóhun-ìjà-sí ní bárékè Ìkẹjà. Bọ́ǹbù ń dún lákọlákọ, ilé ń mì, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ bóyá ogun ló dé tàbí ìjọba ni wọ́n fẹ́ gbà. Tọmọdé tàgbà sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Ewé ti bo ojú kánààlì Òkè-Afá, ní agbègbè Èjìgbò yìí kan náà, débi pé ó jọ pápá. Ẹni tó wà níwájú kó sí i, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń tì wọ́n.

Ó kéré tán, iléèwé mọ orúkọ àwọn Mejọ̀ Jàjí. Ta ló kọ orúkọ ọmọ tó ń sá? Iye òkú tí wọ́n ń pè ju 1,000 lọ, kì í sì í ṣe gbogbo òkú lẹbí rí. Òkè-Afá ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ sí, níbi tí ìrántí wọn wà títí dòní. Bí ọjọ́ náà bá yí po lọ́dọọdún, àwọn ẹbí a kó òdòdó lọ síbẹ̀, wọn a sì tún bi ìjọba léèrè owó ìrànwọ́ tó ṣèlérí.