Fídíò Ìdánrawò fún Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn: Bí Àwọn Agbẹ̀bí Ṣe Ń Kọ́ Ìtọ́jú Ọmọ Tuntun Tí Kò Mí

Fídíò ìdánrawò jẹ́ fídíò tí ó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lóhùn. Kì í ṣe èyí tí ènìyàn kàn ń wò bí ẹni ń wo sinimá. Yóò fi aláìsàn hàn, yóò béèrè ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, yóò sì dúró de ìdáhùn. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yàn ni yóò pinnu ohun tí yóò tẹ̀ lé e: ara aláìsàn lè balẹ̀, ó sì lè burú sí i. Nínú àlàyé yìí, ìtọ́jú ọmọ tuntun tí kò mí ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni àǹfààní irú ẹ̀kọ́ yìí ti hàn kedere, ibẹ̀ náà sì ni a ti rí ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ìdí tí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó máa ń ké fúnra wọn bí a bá ti bí wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ 10, bí ọ̀kan máa ń nílò ìrànlọ́wọ́ kí ó tó mí. Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kò nílò ju pé kí a nu ara wọn gbẹ, kí a bò wọ́n kí ara wọn lè móoru, kí a sì fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn. Bí èyí kò bá ràn wọ́n, agbẹ̀bí yóò fi ìbomú bo imú àti ẹnu ọmọ, yóò sì máa tẹ àpò rọ́bà tí ó so mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn ìbí ni ó yẹ kí èyí bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú iyàrá lásán tó fún ọ̀pọ̀ wọn. Kò di ìgbà tí a bá ní ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé agbẹ̀bí tí ó wà ní ilé ìwòsàn kékeré lè pẹ́ kí ó tó rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tí a kì í sì í ṣe lemọ́lemọ́ kì í pẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Bí fídíò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọmọ tuntun yóò hàn lójú fóònù. A ti nu ún gbẹ, síbẹ̀ kò ké. Aago ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fa omi imú rẹ̀ ni, àbí kí ó mú àpò ìfẹ́mìí? Bí ó bá fi àkókò ṣòfò, yóò rí i pé ọkàn ọmọ ń rọra lù sí i. Bí ó bá mú àpò, ṣùgbọ́n tí àyà ọmọ kò gbé sókè, fídíò yóò bi í pé níbo ni àṣìṣe wà: ṣé ìbomú ni kò lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ṣé orí ọmọ ni kò dúró bí ó ti yẹ, tàbí ohun kan ni ó dí ọ̀nà ọ̀fun? Ní ìparí, yóò to gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún un, pẹ̀lú àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Àṣìṣe tí ó ṣe níbẹ̀ kò pa ọmọ ẹnikẹ́ni.

Nínú kíláàsì, olùkọ́ lè gbé fídíò náà sí ara ògiri, kí ó dá a dúró ní oríta kọ̀ọ̀kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe àti ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn lè ṣe é lórí fóònù ara rẹ̀ ní àkókò tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí olùkọ́ sì rí èsì rẹ̀ láti ibi tí ó wà. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dúró déédéé, èyí tí a lè gbà sílẹ̀ sórí fóònù kí a tó lò ó ni ó dára jù. Àwọn olùwádìí ti dán irú ẹ̀kọ́ yìí wò pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì ní Èkó àti ní Busia ní Kẹ́ńyà. Yunifásítì Oxford àti àwọn olùwádìí ní Kẹ́ńyà náà sì ti ṣe irú rẹ̀, tí a ń pè ní LIFE, fún lílò lórí fóònù.

Ohun tí Tanzania kọ́ wa

Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé ètò ẹ̀kọ́ Helping Babies Breathe jáde. Nígbà tí a lò ó ní ilé ìwòsàn 8 ní Tanzania, ikú àwọn ọmọ láàárín wákàtí 24 tí a bí wọn dín kù ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn Haydom, ní orílẹ̀-èdè kan náà, a rí i pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo mú kí àwọn òṣìṣẹ́ yege nínú ìdánwò, síbẹ̀ kò yí ohun tí wọ́n ń ṣe ní iyàrá ìgbẹ̀bí padà. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kúkúrú lemọ́lemọ́ níbi iṣẹ́ ni ikú láàárín wákàtí 24 dín kù láti 11.1 sí 7.2 nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àtúnṣe lemọ́lemọ́ yìí gan-an ni fídíò ìdánrawò lè mú rọrùn.

Ibi tí agbára fídíò mọ

Fídíò lè kọ́ ènìyàn ní ìpinnu. Kò lè kọ́ ọwọ́ ní bí a ṣe ń di ìbomú mú. Ìdí nìyí tí ọmọláńgidi fi ṣì wúlò. Ní ọdún 1960 ni Asmund Laerdal, tí ó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ní Norway, gbé ọmọláńgidi Resusci Anne jáde fún ìdánrawò bí a ṣe ń fẹ́ èémí sí ẹni tí kò mí. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ náà ni ó ṣe NeoNatalie lẹ́yìn náà, ọmọláńgidi tí a ń rọ omi sí nínú kí ó lè wúwo bí ìkókó, tí àyà rẹ̀ sì ń gbé sókè nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ̀ ọ́. Kí fídíò ṣáájú, kí ọmọláńgidi tẹ̀ lé e, kí olùkọ́ sì dúró ti àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó kan olùgbé

A rọ àwọn aláboyún àti ìdílé wọn pé kí wọ́n bímọ níbi tí òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí wà. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè nígbà àyẹ̀wò oyún pé: ṣé àpò ìfẹ́mìí ọmọ tuntun wà ní iyàrá ìgbẹ̀bí, ta ni ó mọ̀ ọ́n lò, ìgbà wo ni ó sì ṣe ìdánrawò kẹ́yìn? A sì rọ àwọn tí ó ń ṣe àkóso ilé ìwòsàn pé kí wọ́n ya ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìdánrawò yìí láàárín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí kò ké kò lè dúró de ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rántí.