Ìwé àwòrán ọmọdé nípa onírúurú ìdílé

Ìwé àwòrán ọmọdé nípa onírúurú ìdílé jẹ́ ẹ̀ka lítíréṣọ̀ ọmọdé tí ó ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ ṣókí ṣàfihàn oríṣiríṣi ìdílé tí ọmọ lè dàgbà sí. Lára wọn ni ìdílé ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́, ti òbí anìkantọ́mọ, ti ọmọ tí a gbà tọ́, ti òbí tí wọ́n wá láti ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti ti òbí méjì tí wọ́n jọ jẹ́ obìnrin tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1981, Susanne Bösche, òǹkọ̀wé ọmọ Dẹ́nmárkì, tẹ ìwé kan jáde nípa ọmọbìnrin tí ó ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti ọkùnrin tí bàbá náà fẹ́ràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Jenny Lives with Eric and Martin, jáde ní ọdún 1983. Awuyewuye tí ó dá sílẹ̀ ní Bìrìtìkó wà lára ohun tí ó bí òfin ọdún 1988, èyí tí ó ka a léèwọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ láti gbé irú ìbáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ lárugẹ. A fagi lé òfin náà ní Skọ́tláńdì ní ọdún 2000, àti ní Ẹ́ńgílándì àti Wales ní ọdún 2003.

Ní Amẹ́ríkà, Lesléa Newman kọ Heather Has Two Mommies ní ọdún 1989. And Tango Makes Three (2005), tí Justin Richardson àti Peter Parnell kọ, dá lórí ẹyẹ pẹngúìnì akọ méjì tí wọ́n jọ tọ́ ọmọ kan ní ọgbà ẹranko ní New York.

Ní Ìbàdàn àti láàrin àwọn Yorùbá

Ìbàdàn ní ipò pàtàkì nínú lítíréṣọ̀ ọmọdé ní Nàìjíríà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí Agbowó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ dá ilé ìkàwé ọmọdé Abadina sílẹ̀. Mabel Ṣẹ́gun, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1978, dá ibùdó ìwádìí lórí ìwé ọmọdé sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1990.

Ìbàdàn náà ni wọ́n bí Atinuke sí, òǹkọ̀wé tí ó ń gbé ní Wales. Nínú ọ̀wọ́ ìwé rẹ̀ Anna Hibiscus, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007 pẹ̀lú àwòrán Lauren Tobia, ìyá ọmọ náà wá láti Kánádà, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Inú agboolé ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú bàbá àgbà, ìyá àgbà àti ọ̀pọ̀ ìbátan. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, ìyá fẹ́ kí òun, ọkọ àti àwọn ọmọ nìkan lọ sinmi; kò pẹ́ tí iṣẹ́ ilé fi pá a láyà, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí yòókù. Nínú Too Small Tola (2020), ìyá àgbà ni ó ń tọ́ Tọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Èkó.

Òfin àti àríyànjiyàn

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó láàrin ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Òfin náà tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí dídá ẹgbẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ àti fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba.

Àwọn tí ó tako irú ìwé wọ̀nyí gbà pé òbí ni ó ni ẹ̀tọ́ láti yan ìgbà tí ọmọ yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò gbà gbọ́ ọ, pàápàá níbi tí ẹ̀sìn bá ti kọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ṣe ìdájọ́ tí ó gbè lẹ́yìn àwọn òbí ní Maryland tí wọ́n fẹ́ yọ ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì nígbà tí wọ́n bá ń kà wọ́n. Àwọn alátìlẹ́yìn sọ pé ọmọ tí kò rí irú ilé tirẹ̀ nínú ìwé rí lè rò pé àbùkù wà lára òun. Ọ̀rọ̀ wọn bá ti onímọ̀ Rudine Sims Bishop mu, ẹni tí ó fi ìwé wé fèrèsé àti dígí ní ọdún 1990: ọmọ a máa ti inú ìwé wo ìgbésí ayé ẹlòmíràn, a sì máa rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.