Ohun tí ẹni tó fẹ́ di láífúgáàdì níbi ìlúwẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn àwọn ọ̀dọ́ Ìlaròó, Ayétòrò àti gbogbo agbègbè Yewa tó rò pé báwọn ti mọ odò wẹ̀, àwọn ti tó láífúgáàdì ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Odò wíwẹ̀ kàn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Iṣẹ́ náà ní ẹ̀kọ́, ó ní ìdánwò, ó sì ní ìwé ẹ̀rí.

Kí ni iṣẹ́ láífúgáàdì?

Iṣẹ́ ojú ni kó tó di iṣẹ́ apá. Ẹni tó wà lẹ́nu ìṣọ́ kì í tẹ fóònù, kì í sì í gbé ọtí fún oníbàárà. Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni ti 10 àti 20: kí ojú rẹ̀ yí gbogbo omi tó ń ṣọ́ ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kó sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ewu láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ìdí ni pé ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo bíi ti inú fíìmù. Ẹnu rẹ̀ á máa wọ omi, á máa jáde. Èémí gan-an kò tó o, ká má tíì sọ ariwo. Kò ní lè juwọ́ pe èèyàn, torí ó ń fi apá méjèèjì tẹ omi kó má bàa rì. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè rò pé ọmọ náà ń ṣeré ni.

Kí ni wọ́n fi ń dán èèyàn wò?

Ìwé ẹ̀rí tí Royal Life Saving Society ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1891, ń fún àwọn láífúgáàdì jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 16, ó sì gbọ́dọ̀ lè:

• fò sínú omi jíjìn;
• wẹ mítà 50 láàárín ìṣẹ́jú kan;
• wẹ mítà 100 láì dúró, kó dojú bolẹ̀ wẹ̀, kó sì fẹ̀yìn wẹ̀;
• dúró lójú kan nínú omi jíjìn fún ìṣẹ́jú àáyá 30;
• mòòkùn dé ibi tó jìn jù nínú púùlù;
• gun etí púùlù jáde láì lo àkàsọ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀kọ́ gan-an bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fa ẹni tó ti dákú jáde, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó forí sọlẹ̀ níbi tí omi ò jìn, àti ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọdún méjì péré ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò. Ti Red Cross ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà, ọdún méjì ni.

Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan jáde tí kò mí ńkọ́?

Àìrí afẹ́fẹ́ ló ń pa ẹni tó rì, torí náà èémí ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ni kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n tó tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kí wọ́n tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀. Títẹ ikùn láti fa omi jáde, tàbí dída orí ẹni náà kodò, ń fàkókò ṣòfò ni. Èébì sì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kí ẹlòmíì pe 112 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Níbo lèèyàn ti lè bẹ̀rẹ̀?

Kọ́kọ́ wẹ̀ títí mítà 100 ò fi ní lé ẹ mọ́. Lẹ́yìn náà, kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Red Cross Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń kọ́ èèyàn. Kó o tó sanwó fún olùkọ́ láífúgáàdì, bi í léèrè: ẹgbẹ́ wo ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà? Ìgbà wo ló máa parí? Ṣé inú omi la ti máa ṣe ìdánwò? Ẹni tó ní kó o sanwó kó o gbàwé láì wọ omi, ẹ̀tàn ló ń ṣe.

Ìwé ẹ̀rí ti púùlù ò sì kan Odò Yewa tàbí adágún Ọ̀yán. Omi tó ń ṣàn àti omi tí a ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tiwọn.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́?

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi lágbàáyé ní 2021. Nínú mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ọmọ wọ púùlù, ẹ béèrè ta ni láífúgáàdì, kẹ́ ẹ sì ní kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín. Bí kò bá sí, kí àgbàlagbà tó mọ odò wẹ̀ bá ọmọ wọ omi, kó sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tó ọmọ náà.